Aró Tí Aláìsàn Gbé Mì: Ìrìn Kan Nínú Ọjà Ìtòkú

Aṣọ ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí Ìtòkú. Láti etí títì l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fi àdìrẹ kọ́ sára igi àti okùn: ìró àti bùbá, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rán parí, ìborùn tí wọ́n ká jọ sórí àtẹ. Òmíràn pupa, òmíràn ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n aláró gidi ni ojú mi ń wá, èyí tó rẹ dáadáa tó fi ń dán. Àwọn ìyá tó jókòó sẹ́nu ìsọ̀ ń ké sí mi: "Àǹtí, ẹ wojú ọjà o! Ẹ wá wo tuntun!" Mò ń kí wọn kú ọjà, mo sì ń kọjá lọ. Kì í ṣe aṣọ ni mo wá rà lónìí. Ohun tó sọ aṣọ di aláró ni mo ń wá, àti àwọn ewé, egbò àti èso tí wọ́n ń tà ní ìhà kejì ọjà kan náà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọdún 2016, àwọn dókítà ní Japan kó ìyẹ̀fun aró sínú kápúsù, wọ́n ní kí àwọn aláìsàn tí ìfun wọn ti di egbò máa gbé e mì. Èsì tó jáde lágbára débi pé mi ò lè rí ìkòkò aró mọ́ kí n má rántí rẹ̀. Ewu tó bá a rìn náà kò kéré. Àwọn méjèèjì ni mo gbé sọ́kàn bí mo ṣe ń wọ inú ọjà lọ, torí ó dá mi lójú pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan yóò wá síbí pé òun ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, wọn yóò sì bu àgbo fún un.

Àìsàn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe inú rírun lásán. Inflammatory bowel disease ni àwọn dókítà ń pè é, IBD ní ìkékúrú, oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Ulcerative colitis ń bá ìfun ńlá jà: láti ìdí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò máa gun òkè lọ, ara ìfun á pọ́n, á wú, á di egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Èkejì ń jẹ́ orúkọ Burrill Crohn, ọ̀kan nínú àwọn dókítà mẹ́ta tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní New York lọ́dún 1932. Ìyẹn lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ìdí, ó sì máa ń jẹ wọnú ẹran ara ìfun lọ jìnnà. Nínú méjèèjì, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn ló yí ìjà padà sí ara tí wọ́n ń ṣọ́, bí ọdẹ adúgbò tó dojú kùmọ̀ kọ onílé. Ẹni tó bá ní i yóò máa yàgbẹ́ gbuuru tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, inú á máa lọ́ ọ, oorun á dá, ara á rù, oríkèé á máa ro ó, ojú pàápàá lè pọ́n. Ó lè lọ fún oṣù mélòó kan kó tún dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń mú, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó.

Oògùn wà tó ń mú un rọlẹ̀. Mesalazine wà, àwọn stẹ́rọ́ìdì wà, abẹ́rẹ́ infliximab náà wà, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn Crohn ní 1998. Kò sí èyí tó ń lé e lọ pátápátá nínú wọn, owó abẹ́rẹ́ yẹn sì kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyí tí àwọn aláìsàn káàkiri ayé, títí kan àwọn tó ní dókítà tó dáa, fi ń wo ọ̀dọ̀ ewé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sọ pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà. Bí ilé ìwòsàn ṣe ń ní ẹ̀rọ oníkámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí i ní Nàìjíríà náà.

Lẹ́yìn àwọn aláṣọ, mo dé ìsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ti ń ta èròjà aró. Ìyá tó ni ín na ọwọ́ sábẹ́ àtẹ, ó mú bọ́ọ̀lù èlú kan jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó tóbi tó ìkúùkù, ó dúdú, ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, èérún ewé sì hàn lára rẹ̀ níbi tó ti ya. Bí mo ṣe gbé e sí imú, òórùn ewé tó ti kan díẹ̀ ló gbà mí nímú. Ìyá ṣàlàyé fún mi pé ewé tútù, ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀, ni wọ́n ń já, wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á fi ọwọ́ rọ ọ́ róbótó, wọ́n á sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Igi tí ewé yìí ti wá ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Lonchocarpus cyanescens. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù èlú náà ni agolo ìyẹ̀fun aró ilé-iṣẹ́ àti ọ̀rá sódà oníná wà. Àwọn yẹn ló ń tà jù báyìí. Láti 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, Adolf von Baeyer tó kọ́kọ́ tú àṣírí bí wọ́n ṣe lè ṣe é sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1905. Láti ìgbà náà ni àwọn ewé aró ti ń pàdánù ọjà wọn, níbí àti ní Íńdíà.

Ìyá ní kí ọmọ rẹ̀ mú mi lọ sí àgbàlá àwọn aláró tó wà lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́, mo sì dúró pẹ́. Obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgbọ̀nwọ́ ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò. Fọ́ọ̀mù aláwọ̀ aró ló léfòó lókè, ṣùgbọ́n omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dúdú rárá. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ó fi aṣọ náà sílẹ̀ nínú omi, ó kí mi, ó bi mí léèrè ilé, kò kánjú. Nígbà tó fà á jáde, àwọ̀ ewé ni aṣọ ọ̀hún. Ó tẹ́ ẹ sórí okùn, ó ní kí n máa wò ó. Etí aṣọ ló kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ ń ṣú bọ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, àfi ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ kọ ọnà sí. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ tí mò ń bá a sọ, aṣọ náà ti di aláró.

Atẹ́gùn ló ṣe é. Kò sí aró gan-an nínú ewé tútù. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ní àwọ̀, ó so mọ́ ṣúgà inú ewé. Bí wọ́n bá gún ewé náà, tó sì kan, ohun yẹn á já kúrò lára ṣúgà, bó bá sì ti kan atẹ́gùn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á di indigo, ìyẹn aró. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á di èkejì rẹ̀ tó pọ́n, tí wọ́n ń pè ní indirubin. Omi eérú àti kíkan inú ìkòkò ló ń mú kí aró yòrò kó lè wọ aṣọ. Ìgbà tí atẹ́gùn bá tún bá a ni yóò padà sí ipò rẹ̀, tí kò ní yòrò mọ́. Ẹ má gbàgbé indirubin yìí, torí òun àti indigo ni wọ́n jọ wọ inú kápúsù ní Japan.

Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀nà tiwọn. Ewé mìíràn ni wọ́n ń lò, kì í ṣe èlú wa, ṣùgbọ́n aró kan náà ló ń jáde. Wọ́n á rẹ ewé sínú omi, wọ́n á da ẹfun ìkọ́lé sí i, wọ́n á máa pò ó títí yóò fi hó, wọ́n á sì sá aró tó bá jáde gbẹ di ìyẹ̀fun. Qing Dai lorúkọ rẹ̀, ó sì ti pẹ́ nínú àpò àwọn oníṣègùn wọn. Ìyẹ̀fun yìí ni Makoto Naganuma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Keio, ní Tokyo, gbé lọ fún ìdánwò pẹ̀lú ilé ìwòsàn tó lé ní 30 káàkiri Japan. Aláìsàn 86 tí wọ́n ní ulcerative colitis ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan gba kápúsù tí kò ní oògùn nínú, àwọn yòókù gba ìdajì gíráàmù, gíráàmù kan tàbí gíráàmù méjì lójúmọ́. Aláìsàn kò mọ èyí tóun ń mì, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n ṣí ìwé wò. Nínú àwọn tó gba kápúsù asán, nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá sí i. Nínú àwọn tó gba ìdajì gíráàmù, ó tó 70. Àwọn tó gba gíráàmù kan jẹ́ 75, àwọn tó gba méjì sì jẹ́ 81.

Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìròyìn oògùn fún àrùn yìí yóò mọ̀ pé irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n máa ń rí lójoojúmọ́. Wọ́n sì mọ ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ìfun, olùgbàròyìn kan wà tí wọ́n ń pè ní aryl hydrocarbon receptor. Bí indigo àti indirubin bá kàn án, ó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ IL-22, òun ló sì ń sọ fún ara ìfun pé kó hu awọ tuntun, kó sì máa pèsè ikun tó ń yọ̀, èyí tó ń bo awọ náà lójú kí kòkòrò má ràn án. Kò kàn ń pa ìrora. Egbò ló ń mú jiná.

Ìdánwò yẹn kò parí bí wọ́n ṣe pète rẹ̀. Ní December 2016, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Japan kìlọ̀ fún àwọn dókítà pé àwọn kan tó ń lo Qing Dai ti ní ìfúnpá gíga nínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn yẹn burú: iṣan á fún, ọkàn á máa ṣe làálàá kí ẹ̀jẹ̀ tó lè kọjá, ẹni náà kò ní lè gun àtẹ̀gùn láìmí gúlegúle, ó sì lè pààyàn. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró lóṣù yẹn kan náà. Aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú kí wọ́n dá a dúró kò sí lára àwọn 86 náà rárá. Fúnra rẹ̀ ló ra ìyẹ̀fun náà, tó sì lò ó fún oṣù mẹ́fà.

Ẹni tó fúnra rẹ̀ rà á. Gbólóhùn yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi nínú àgbàlá aláró. Ohun tó wo egbò inú ìfun sàn ni wọ́n kìlọ̀ pé ó ń fún iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé àwọn tó wà nínú ìdánwò ní ẹni tó ń wọn ohun tí wọ́n ń mì, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tó sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò dúró. Mo bi obìnrin aláró léèrè bóyá àwọn èèyàn máa ń wá tọrọ omi aró mu. Ó mi orí, ó nawọ́ sí ọ̀rá sódà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ohun tó ń bó ọwọ́ òun bí òun kò bá wọ rọ́bà, ta ni yóò dà á sí ọ̀fun? Òótọ́ ló sọ. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ka ìròyìn Tokyo yìí: omi inú ìkòkò aró kì í ṣe oògùn, májèlé ni. Èlú tí wọ́n rọ di bọ́ọ̀lù náà kì í ṣe Qing Dai.

Mo jáde lágbàlá, mo gba ọ̀nà tóóró tó já sí ìhà àwọn ẹlẹ́wé ọmọ. Òórùn ọjà ti yàtọ̀ kí ojú tó rí ohunkóhun: èèpo igi gbígbẹ, tùràrí, ewé tútù tí wọ́n wọ́n omi sí. Níbi ìsọ̀ àkọ́kọ́, atalẹ̀ pupa wà nílẹ̀ lórí àpò, tútù àti gbígbẹ, èyí tí wọ́n ti lọ̀ sì wà nínú ọ̀rá róbótó. Mo fi èékánná há ara ọ̀kan, àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀ yọ. Curcumin ló fún un ní àwọ̀ yẹn, òun sì ni wọ́n ti yẹ̀ wò jù lára àwọn èròjà ewé fún àrùn yìí.

Ní Japan, lọ́dún 2006, wọ́n fi gíráàmù méjì curcumin lójúmọ́ kún oògùn àwọn aláìsàn tí ara wọn ti rọlẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. Èèyàn 2 nínú 43 ni àìsàn náà padà sí lára. Nínú àwọn tó gba oògùn wọn pẹ̀lú kápúsù asán, 8 nínú 39 ni. Lọ́dún 2015, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní Ísírẹ́lì, Hong Kong àti Cyprus lo gíráàmù mẹ́ta lójúmọ́ fún oṣù kan, fún àwọn tí mesalazine nìkan kò tó fún mọ́. Èèyàn 14 nínú 26 ni àmì àìsàn náà lọ kúrò lára wọn. Nínú àwọn 24 tó gba kápúsù asán, kò sí ẹyọ kan.

Mo bi ìyá eléwé pé èló ni ọ̀rá kan, ó dá mi lóhùn, mo sì ń fi ọwọ́ wọn ọ̀rá náà bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ìyẹ̀fun atalẹ̀ pupa, nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta ló jẹ́ curcumin. Kí èèyàn tó rí ìwọ̀n tí wọ́n lò lọ́dún 2015, yóò máa jẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún gíráàmù ìyẹ̀fun lójúmọ́, èyí tó lé dáadáa ní ọ̀rá kan nínú àwọn tó wà níwájú mi. Ìwọ̀n yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: nígbà tí wọ́n lo mílígíráàmù 450 péré ní Íńdíà, èsì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti kápúsù asán. Ẹni tó ń fi ṣíbí kan sínú tíì láràárọ̀ ń jẹ oúnjẹ tó dáa ni, àmọ́ kò tíì lo oògùn tí wọ́n dán wò. Ohun kejì tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù ni pé nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, aláìsàn kò pa oògùn ilé ìwòsàn tì. Curcumin wá ràn án lọ́wọ́ ni.

Curcumin kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àléébù ni wọ́n ń kà á sí fún àìsàn mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfun ló ń dùn kò nílò kó kúrò nínú ìfun. Nítorí náà ni inú mi kì í dùn sí àwọn kápúsù tí wọ́n ti fi piperine inú ata dúdú sí kí ẹ̀jẹ̀ lè gbà á dáadáa. Ní Ítálì àti Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ti rí àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn wú lẹ́yìn irú kápúsù bẹ́ẹ̀. Ìyèré tí ìyá yìí tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ atalẹ̀ náà ní piperine nínú.

Lọ́dún 2024, àwọn oníwádìí láti Ísírẹ́lì àti Gíríìsì gbé èsì ìdánwò kan jáde tó da ìhà méjèèjì ọjà yìí pọ̀: curcumin àti Qing Dai nínú ìtọ́jú kan náà, fún aláìsàn 42. Ó ṣe dáadáa fún nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á, sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba kápúsù asán. Ìrètí ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n èèyàn 42 kò pọ̀.

Mo kọjá ibi tí etí erin wà nínú agbada omi. Àwọn dókítà ní London dán omi ara rẹ̀ wò fún aláìsàn 44 lọ́dún 2004. 9 nínú 30 tó mu ún ni ara wọn balẹ̀ pátápátá, ẹyọ 1 péré nínú 14 yòókù. Inú ewé náà ni wọ́n lò. Oje pípọ́n tó ń ro lábẹ́ èèpo rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ń dà pọ̀ mọ́ ọn, ìgbẹ́ ló ń ṣí.

Ìtàn jogbo ló dùn mí jù. Ìdì rẹ̀ wà níwájú ìyá kan, ewé tẹ́ẹ́rẹ́, igi tẹ́ẹ́rẹ́, kíkorò rẹ̀ sì ti dé ẹnu kí èèyàn tó fi kàn ahọ́n. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Andrographis paniculata. Wọ́n yọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní HMPL-004, wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn 224 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Lọ́dún 2013, èsì jáde: 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìwọ̀n tó pọ̀ jù ni ara wọn yá sí i, 40 nínú àwọn tó gba kápúsù asán. Ayọ̀ wà. Wọ́n gbé e lọ sí ìdánwò tó tóbi jùyẹn lọ, tó jẹ́ ìkẹta àti ìkẹyìn kó tó lè di oògùn. Lọ́dún 2014, àwọn tó ń yẹ ìwé wò láàárín ìdánwò rí i pé kò ní borí, wọ́n sì dá a dúró. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá sọ fún mi pé àwọn òyìnbó kàn ń kórìíra ewé. Wọ́n ná owó lé ewé yìí, wọ́n fẹ́ kó ṣe é. Ẹ tún wo iye yẹn: 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn yá láìmu ewé náà rárá, torí àìsàn yìí máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Àgbo tí èèyàn bá mu lọ́sẹ̀ tó ń rọlẹ̀ ni yóò gba ìyìn.

Orógbó wà lórí àtẹ tó tẹ̀ lé e, mo sì ra díẹ̀, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí kolaviron, èròjà tí wọ́n ń yọ láti inú orógbó. Lọ́dún 2013 wọ́n tẹ èsì kan jáde: wọ́n fi kẹ́míkà sínú omi tí àwọn eku ń mu, èyí tó máa ń bó ara ìfun ńlá, tí eku á fi máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Àwọn eku tó ń gba kolaviron kò bàjẹ́ tó àwọn tí kò gbà á. Eku nìyẹn o, kì í ṣe èèyàn, ìyẹn sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wa ti ń dúró, nítorí pé ìdánwò lára èèyàn ń fẹ́ owó, ilé ìwòsàn, àti ọdún púpọ̀. Bí mo bá ní owó tí mo lè fi ta wọ́n lọ́rẹ, ibẹ̀ ni ì bá lọ.

Ìparí ọ̀nà náà ni ìyá alágbo wà, pẹ̀lú ìkòkò, agolo, àti ìgò tó tò sórí pákó. Ọmọkùnrin kan ti ṣíwájú mi débẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ bá mi bu ti jẹ̀díjẹ̀dí."

"Ṣé ó ń yọ síta ni, ọmọ mi, àbí ó kàn ń lọ́ ẹ nínú?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń rí, màmá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, láti ìgbà Iléyá."

Ìyá kò kánjú bu nǹkan kan. Ó tún bi í bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń sùn. Mo wo bẹ́líìtì ọmọ náà. Ó ti fi ìṣó lu ihò mìíràn sí i, ihò ọ̀hún sì jìnnà sí èyí tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mi ò lè dákẹ́. Mo kí ìyá, mo tọrọ gáfárà, mo ní kí ó jẹ́ kí n bá àbúrò mi sọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde fún oṣù púpọ̀ lè jẹ́ jẹ̀dí lóòótọ́. Ó lè jẹ́ kòkòrò amíbà. Ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ tó mú ìfun. Ó lè jẹ́ IBD, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìtọ́jú wọn kò jọra, òmíràn sì ń ta ko òmíràn: stẹ́rọ́ìdì tó ń mú IBD rọlẹ̀ lè jẹ́ kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tú ká gbogbo ara. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, dókítà pàápàá kò lè mọ̀ ọ́n láti òde. Mo bi ìyá pé kí ló wà nínú ti jẹ̀dí. Kò fi pa mọ́ fún mi: aṣùnwọ̀n wà níbẹ̀, pẹ̀lú èèpo igi àti egbò mélòó kan. Mo ní aṣùnwọ̀n ń fọ inú, ìyá, òun gan-an ló sì lè dá kún wàhálà fún ìfun tó bá ti di egbò. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ti rí i rí, àwọn kan wà tí wọ́n mu ún tí ẹ̀jẹ̀ wọn tún pọ̀ sí i, tí òun sì dá wọn dúró.

Ọmọ náà bi mí pé, "Àǹtí, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi níbẹ̀?" Mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe owó nìkan. Mo ní wọn yóò kọ́kọ́ gba ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Bó bá yẹ, wọn yóò fún un ní oògùn tó máa fọ inú rẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ tó ṣíwájú, ọjọ́ yẹn kò sì ní rọrùn. Lọ́jọ́ kejì wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú èèyàn tòògbé, wọn yóò ti ìdí gbé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu wọlé, wọn yóò wo gbogbo ìfun ńlá, wọn yóò sì já ẹran tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ fún àyẹ̀wò. Mo ní kó má fi àgbo tó ti mu pa mọ́ fún dókítà, kó dárúkọ gbogbo rẹ̀, kódà páraga. Mo júwe Ìdí-Àbà fún un, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ orúkọ àdúgbò náà síbẹ̀, ó sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá bóyá kó ṣì gba ìgò kan dání títí di ọjọ́ Ajé. Ìyá kọ̀. Ó ní bó bá ti gba èsì àyẹ̀wò, kó mú un wá han òun, kí òun lè mọ èyí tí òun kò gbọdọ̀ bù fún un láéláé.